Ta Ló Rán Dísípáàṣì Níṣẹ́?

Ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2020 ni òfin tó lé ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ 6 nílùú Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: Apápá, Etí-Ọ̀sà, Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Lagos Island àti Lagos Mainland. Ṣáájú ọjọ́ náà, àwọn iléeṣẹ́ bíi Gokada, MAX àti ORide ti kó ọ̀kadà tuntun sí ìgboro, áàpù ni èrò sì fi ń pè wọ́n. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo ni òfin gba èrò lọ́wọ́ wọn láàárín ìlú. Ọ̀kadà ṣì wà nílẹ̀, akoto wà, àwọn ọ̀dọ́ tó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ Èkó bí ẹní mowó náà wà. Ẹrù ni Gokada yíjú sí. Kí oṣù Kẹta tó parí, àrùn Kòrónà dé, ìjọba àpapọ̀ sì pàṣẹ kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá láti alẹ́ 30 oṣù Kẹta. Àwọn tó lówó tilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n ń fi fóònù ra oúnjẹ, oògùn àti ọṣẹ ìfọwọ́. Ẹni tó ń gbé e wá fún wọn kò ní ilẹ̀kùn tó lè tì mọ́rí.

Bí iṣẹ́ dísípáàṣì ṣe gba ìgboro nìyẹn. Kì í ṣe pé kò sí tẹ́lẹ̀ o. Àwọn oníkúríyà ti ń gbé lẹ́tà kiri tipẹ́, Jumia Food náà sì ti ń gbé oúnjẹ ní Èkó fún ọdún mélòó kan. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2020 ló ti di iṣẹ́ tí ọmọ tó jáde yunifásítì, mẹkáníìkì tí iṣẹ́ rẹ̀ dá, àti ọlọ́kadà àná jọ ń ṣe. Lónìí, Glovo àti Chowdeck wà lára orúkọ tó hàn jù lẹ́yìn ọ̀kadà, pẹ̀lú àìmọye iléeṣẹ́ kéékèèké tó ní ọ̀kadà mẹ́ta sí márùn-ún, tí wọ́n ń gba iṣẹ́ lórí WhatsApp àti Instagram.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lórí bí nǹkan ṣe rí fún àwọn tó ń gun ọ̀kadà wọ̀nyẹn. Ìbéèrè kan ló sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀: ta ló rán wọn níṣẹ́? Yorùbá ní ẹni tó ránni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Òwe yẹn gbà láìjanpata pé ẹni tó ránni níṣẹ́ wà, pé ó ní ojú, ó ní orúkọ, àti pé ó mọ ẹni tí òun rán. Nínú iṣẹ́ áàpù, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ilé oúnjẹ ní kì í ṣe òun. Oníbàárà ní kì í ṣe òun, áàpù lòun sanwó fún. Iléeṣẹ́ tó ni áàpù ní òun kàn so ẹni tó fẹ́ rà pọ̀ mọ́ ẹni tó lè gbé e lọ ni.

Ní ààfin Ọ̀yọ́ àtijọ́, ìlàrí ló ń jẹ́ iṣẹ́ Aláàfin. Wọ́n á fá apá kan orí rẹ̀, wọ́n á dá apá kejì sí, kí ẹni tó bá rí i lókèèrè lè mọ ibi tó ti ń bọ̀. Samuel Johnson ṣàlàyé wọn nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ìlàrí lójú ọ̀nà, ọba ló fọwọ́ kàn. Dísípáàṣì òde òní náà ní àmì tirẹ̀: ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ iléeṣẹ́, àpótí tí orúkọ iléeṣẹ́ hàn lára rẹ̀ gàdàgbà. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá gbá a ní Ojúẹlẹ́gba, àdéhùn tó fi àtàǹpàkò tẹ̀ lójú fóònù lọ́jọ́ tó wọlé ti sọ pé kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ ni. Àmì ọba wà lára rẹ̀, ọba kò sì mọ̀ ọ́n.

Kí a tẹ̀lé ọ́dà kan ṣoṣo, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa.

Aago kan ọ̀sán ni, ní Admiralty Way ní Lekki. Níwájú ilé oúnjẹ, àwọn ọ̀kadà tò sí ẹ̀gbẹ́ títì, àwọn tó ń gùn wọ́n sì jókòó sórí ìdérí gọ́tà, wọ́n ń wá ibòji lábẹ́ pátákó ìpolówó. Fóònù wà lọ́wọ́ olúkúlùkù, okùn páwà báǹkì so mọ́ ọn, nítorí bí fóònù bá kú, iṣẹ́ ti parí lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan dún. Ojú fóònù sọ ilé oúnjẹ tó ti máa gba ẹrù, àdúgbò tó ń lọ, iye kìlómítà àti iye náírà. Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ló ní láti fi gbà á tàbí kí ó kọ̀ ọ́. Bí ó bá ń kọ̀ lemọ́lemọ́, àkọsílẹ̀ rẹ̀ á bàjẹ́, ọ́dà tó dára á sì máa fò ó. Ó gbà á.

Ó wọlé, wọ́n ní jọ̀lọ́ọ̀fù kò tíì jinná. Ó tún jáde lọ jókòó. Ìjókòó yìí ni ẹni tó wà lóde kì í kà mọ́ iṣẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè di ogún, ogún lè di ogójì lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́ tí gbogbo ènìyàn ń ra oúnjẹ. Ní ọ̀pọ̀ áàpù, ọ̀nà tó rìn ló ń mú owó wá. Ìjókòó kì í mú nǹkan kan wá, bí ó bá sì mú un wá, owó tí kò ra omi tútù ni. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ kì í sì jẹ́ kí àwọn dísípáàṣì wọ ilé ìyàgbẹ́ tí wọ́n kọ́ fún oníbàárà. Obìnrin díẹ̀ ló wà nínú iṣẹ́ yìí, èyí sì wà lára ohun tó fà á.

Oúnjẹ dé. Ó gbé e sínú àpótí, ó gbéra. Máàpù orí fóònù sọ pé ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni, ṣùgbọ́n máàpù kò mọ̀ pé òjò àárọ̀ ti sọ títì kan di odò, kò sì mọ̀ pé géètì ẹ̀yìn ẹ̀sìtéètì ti wà ní títì láti àná. Ó gba sún kẹrẹ fà kẹrẹ kọjá, ó dé géètì iwájú. Síkúríìtì ní ọ̀kadà kò gbọ́dọ̀ wọlé. Dísípáàṣì ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, oúnjẹ ni mo gbé.” Síkúríìtì ní àfi kí oníbàárà fi kóòdù ránṣẹ́. Ó pe oníbàárà, kò gbé e. Ó tún pè é. Nígbà tó gbé e níkẹyìn, ìbínú ló fi dáhùn, torí òun náà ti ń wo àmì ọ̀kadà kékeré lójú fóònù rẹ̀, ó sì rí i pé kò mira láti ìgbà tó ti pẹ́. “Ẹ má bínú mà, mo wà ní géètì.” Ó fi ọ̀kadà sílẹ̀ síta, ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀, torí olè ọ̀kadà kì í gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ó fẹsẹ̀ rìn wọlé. Oúnjẹ ti tutù. Oníbàárà gbà á, ó fún un ní ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún.

Ìràwọ̀ méjì yẹn ló yẹ kí á ro dáadáa. Ilé ìdáná ló pẹ́, géètì ló dá a dúró, ẹni tó ni oúnjẹ ni kò gbé fóònù. Dísípáàṣì nìkan ni gbogbo rẹ̀ wọ orúkọ rẹ̀. Bí ìràwọ̀ rẹ̀ bá relẹ̀ tó bí áàpù ṣe fẹ́, ó lè jí lọ́jọ́ kan kí ó rí i pé àkáǹtì òun kò ṣí mọ́. Wọ́n ti blọ́ọ̀kù rẹ̀ nìyẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ọ́fíìsì tó lè lọ kí ẹnìkan gbọ́ tẹnu rẹ̀; nọ́ńbà tó lè pè ń sọ fún un pé kó fi ìmeèlì ránṣẹ́.

Irú agbára tí áàpù ní lórí ẹni tó ń gùn kì í ṣe ti Èkó nìkan. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, ìwé ìròyìn Renwu ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà tú àṣírí bí ètò kọ̀ǹpútà Meituan àti Ele.me ṣe ń dín àkókò tí wọ́n ń fún àwọn tó ń gbé oúnjẹ kù lọ́dọọdún. Bí wọ́n ṣe ń sáré tó láti bá a mu ni kọ̀ǹpútà ń kọ́ pé wọ́n lè sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń já iná pupa, wọ́n ń gba ọ̀nà òdì, wọ́n ń fara pa. Ariwo tó sọ pọ̀ débi pé Ele.me ní òun máa fi bọ́tìnnì kan síbẹ̀ tí oníbàárà lè fi sọ pé òun gbà láti dúró fún ìṣẹ́jú 5 tàbí 10 sí i. Meituan ní òun máa fi ìṣẹ́jú 8 kún àkókò. Ohun tí ìtàn yẹn fi hàn ni pé ènìyàn ló ń yí ètò náà, ènìyàn sì lè tún un yí.

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn. Kí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú tó kéde lọ́jọ́ ìbúra rẹ̀, 29 oṣù Karùn-ún 2023, pé ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà epo kan ní Èkó kò tó 200 náírà. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, iléeṣẹ́ NNPC ti ń tà á ní 488 náírà. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá 2024, ó ti lé ní 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí epo gbówó lórí, ní oṣù Kẹfà 2023, ni báǹkì àgbà tú náírà sílẹ̀ lọ́jà, tó fi já bọ́ lójú dọ́là. India ni ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tó ń gbé ẹrù ní Èkó ti wá, Bajaj àti TVS, àti táyà wọn, àti bíréèkì páàdì wọn, àti pílọ́ọ̀gì wọn. Dọ́là ló ń rà wọ́n wọlé.

Iléeṣẹ́ áàpù kì í ra epo sí ọ̀kadà. Kì í pààrọ̀ ọ́ìlì, kì í san owó dátà, kì í sì ra aṣọ òjò. Ẹni tó ń gùn ún ló ń san gbogbo rẹ̀ kí èrè tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò sì ni ọ̀kadà tí wọ́n ń gùn. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ olówó kan pé àwọn á máa san iye kan lójoojúmọ́ tàbí lọ́sẹ̀, títí owó rẹ̀ á fi pé, tí ọ̀kadà á sì di tiwọn. Iye tí wọ́n sábà máa ń san lápapọ̀ ju iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà lọ dáadáa, torí ewu àti èlé ti wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí àìsàn bá dá a gbálẹ̀, owó ọ̀kadà kò sùn. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sùn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gun ọ̀kadà ní aago mọ́kànlá òru lórí afárá Third Mainland, ojú ti ń kún fún oorun: wọ́n ti ṣiṣẹ́ owó olówó tán, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tiwọn ni.

Ní oṣù Keje 2024, owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà di 70,000 náírà. Òfin náà kò kan dísípáàṣì, torí kò sí ẹni tó ń san owó oṣù fún un. Bí ó ṣe rí nìyí náà nígbà tí iṣẹ́ bá dópin. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, tó ti wà láti 1971, sọ pé ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 5 lẹ́tọ̀ọ́ sí ìfitónilétí oṣù kan kí wọ́n tó dá a dúró; ẹni tí kò tíì pé oṣù 3 pàápàá lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjọ́ kan. Ní oṣù Kejìlá 2023, Bolt Food kógbá sílé ní Nàìjíríà. Nínú oṣù kan náà ni Jumia Food kéde pé òun ń tilẹ̀kùn ní orílẹ̀-èdè 7, Nàìjíríà wà lára wọn. Òfin kò fún ẹni tó ń gun ọ̀kadà fún áàpù ní ọjọ́ kan ṣoṣo pàápàá. Àpótí aláwọ̀ iléeṣẹ́ tó ti lọ ṣì wà lẹ́yìn ọ̀kadà àwọn kan fún ìgbà pípẹ́, wọ́n fi ń gbé ẹrù ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí á padà sójú títì. Òfin ìrìnnà ọdún 2012 ti kọ́kọ́ ka ọ̀kadà léèwọ̀ lójú ọ̀nà 475 ní Èkó. Èyí tí a sọ lókè tẹ̀lé e ní 2020. Nígbà tó di 1 oṣù Kẹfà 2022, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ 6 náà. Ní 1 oṣù Kẹsàn-án, ó fi Kòsọ́fẹ́, Òṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Muṣin kún un. Ìjọba ṣàlàyé pé kò kan àwọn tó ń gbé ẹrù. Lójú pópó, ọ̀kadà ni ọ̀kadà. Ẹni tí àwọn táásíkì fọ́ọ̀sì bá dá dúró ní láti fi ìwé hàn, kí ó ṣí àpótí, kí ó ṣàlàyé, kí ó sì bẹ̀bẹ̀, nígbà tí aago orí fóònù oníbàárà ń lọ.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn onítíkẹ́ẹ̀tì àti onísítíkà. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí ka ìjọba ìbílẹ̀ 20 fún Èkó; ìpínlẹ̀ náà fi àgbègbè ìdàgbàsókè 37 kún un, ó jẹ́ 57. Dísípáàṣì tó bá gbé ẹrù láti Agége lọ sí Ajáh á gba agbègbè ọ̀pọ̀ nínú wọn kọjá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní ọmọ tó ń dúró sí ìkóríta láti béèrè sítíkà. Ẹ wo ara àpótí ẹ̀yìn ọ̀kadà èyíkéyìí tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Sítíkà ti bo orúkọ iléeṣẹ́. Ìjọba àpapọ̀ náà ní tirẹ̀. Ní oṣù Keje 2020, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, NIPOST, gbé iye owó ìwé àṣẹ tuntun jáde fún àwọn tó ń gbé ẹrù: mílíọ̀nù 20 náírà fún èyí tó ń jáde lọ sókè òkun, títí kan 250,000 náírà fún àwọn kéékèèké. Ariwo ta lórí Twitter, mínísítà ètò ìbánisọ̀rọ̀ nígbà náà, Isa Pantami, sì dá a dúró. Ohun tó ṣeni láàánú ni pé nínú gbogbo owó tí wọ́n ń béèrè yìí, ti ìlú, ti ìpínlẹ̀, ti àpapọ̀, kò sí ẹyọ kan tí wọ́n sọ pé ó wà fún ìtọ́jú ẹni tó bá ṣubú.

Wọ́n sì ń ṣubú. Ìgbòbí ni wọ́n ń gbé àwọn tó kán lẹ́sẹ̀ lọ, ilé ìwòsàn eegun tó ti wà láti 1945. Ẹni tí kò rí owó Ìgbòbí san á lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun nílé, á jókòó síbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Láàárín ìgbà yẹn, olówó ọ̀kadà ti gba ọ̀kadà rẹ̀, ó ti gbé e fún ẹlòmíràn. Òfin wà ní ilẹ̀ yìí fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Òfin gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò NSITF, kí ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ lè rí ìtọ́jú gbà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ ni òfin náà pè. A ti rí i pé iléeṣẹ́ áàpù ní òun kò ní òṣìṣẹ́ kankan lórí ọ̀kadà.

Ní kóòtù ńkọ́? Ní oṣù Kejìlá 2018, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní Èkó dá ẹjọ́ kan tí àwọn awakọ̀ pe Uber àti Taxify, tó di Bolt lẹ́yìn náà. Wọ́n ní kí kóòtù sọ pé òṣìṣẹ́ ni àwọn. Adájọ́ ní wọn kò fi ẹ̀rí tó tó hàn, ó sì da ẹjọ́ náà nù. Awakọ̀ ni wọ́n, wọn kì í ṣe dísípáàṣì, àmọ́ àdéhùn kan náà ni. Láti ìgbà náà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣì wà ní Nàìjíríà.

Ọ̀nà tí àwọn ìlú ńlá mìíràn gbà kò dọ́gba, ó sì yẹ kí a wò wọ́n dáadáa kí a tó yàn. Ní London, ní oṣù Kẹjọ 2016, àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún Deliveroo da iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí iléeṣẹ́ náà fẹ́ yí owó wọn padà láti pọ́n-ùn 7 ní wákàtí kan pẹ̀lú pọ́n-ùn 1 lórí ọ́dà, sí pọ́n-ùn 3.75 lórí ọ́dà nìkan. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí wọ́n fẹ́ yọ: owó wákàtí, èyí tó ń san owó ìjókòó. Ẹgbẹ́ wọn, IWGB, gbé ọ̀rọ̀ bóyá òṣìṣẹ́ ni wọ́n lọ sí kóòtù. Ní 19 oṣù Kejì 2021, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ti sọ pé àwọn awakọ̀ Uber lẹ́tọ̀ọ́ sí owó iṣẹ́ tó kéré jù àti ìsinmi tí wọ́n ń sanwó fún. Ìrètí wá pọ̀. Ṣùgbọ́n ní 21 oṣù Kọkànlá 2023, ilé ẹjọ́ kan náà sọ pé ti Deliveroo yàtọ̀, torí àdéhùn gbà kí ẹni tó ń gùn fi ẹlòmíràn rọ́pò ara rẹ̀ nígbàkúùgbà. Ẹni tó lè rán ẹlòmíràn, wọ́n ní, kì í ṣe òṣìṣẹ́.

Gbólóhùn kan yẹn nínú àdéhùn ti fa ọ̀fìn mìíràn, ó sì kan àwọn ọmọ wa. Bí a bá lè fi ẹlòmíràn rọ́pò ara ẹni, a lè fi àkáǹtì yá ẹlòmíràn. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ẹni tó wà níbẹ̀ lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kò gbọ́dọ̀ ṣe ju wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ, kò sì gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀ rárá. Gbígbé oúnjẹ lórí áàpù, iṣẹ́ ara ẹni ni lójú òfin náà. Ọmọ Yorùbá tó bá fi àkáǹtì ẹlòmíràn gun kẹ̀kẹ́ ní Peckham tàbí ní Leeds ń fi físà rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ fún owó tí ẹni tó ni àkáǹtì á tún yọ lára rẹ̀. Ẹni tó bá ń rán ọmọ lọ kàwé lọ́hùn-ún yẹ kó sọ èyí fún un kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ní Spain, òfin ló yanjú rẹ̀, kò dúró de kóòtù nìkan. Láti oṣù Kẹjọ 2021, ẹni tó ń gbé ọjà fún áàpù ti di òṣìṣẹ́ títí iléeṣẹ́ á fi fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń pín iṣẹ́. Glovo, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Barcelona ní 2015, kọ̀ jálẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 2022, ìjọba bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 79 yúrò lé e. Ní oṣù Kejìlá 2024, Glovo kéde pé òun á gba àwọn tó ń gbé ọjà fún òun ní Spain síṣẹ́. Glovo yìí kan náà ló wà ní Èkó láti 2021. Ohun tó ní kò ṣeé ṣe ní ìlú rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta ti wá ń ṣeé ṣe.

New York gba ọ̀nà mìíràn. Wọn kò sọ pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n tàbí wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́. Owó ni wọ́n mú. Láti oṣù Kejìlá 2023, iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ san ó kéré tán dọ́là 17.96 ní wákàtí kan, àkókò ìdúró sì wà nínú ìṣirò náà. Ní oṣù Kẹrin 2025, ó ti gòkè dé 21.44. Àwọn iléeṣẹ́ fèsì: wọ́n fi owó kún ohun tí oníbàárà ń san, wọ́n gbé ibi tí oníbàárà ti ń fúnni ní típù lọ sí ẹ̀yìn ìsanwó, àwọn kan sì dín iye ènìyàn tó lè wọ áàpù lẹ́ẹ̀kan náà kù. Kò yẹ kí á fi èyí pamọ́. Ẹni tó bá gbé òfin jáde láìronú nípa ohun tí iléeṣẹ́ á ṣe lọ́jọ́ kejì, àwọn tó fẹ́ ràn lọ́wọ́ ló máa jẹ ìyà rẹ̀.

Àwọn tó ni iléeṣẹ́ ní Èkó ní àwíjàre, ó sì tọ́ kí a gbọ́ ọ. Wọ́n ní èrè orí oúnjẹ kò pọ̀. Pé Jumia Food àti Bolt Food tí apá wọn gbòòrò jù ti sá lọ. Pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fẹ́ràn iṣẹ́ tí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tó wù wọ́n, kí wọ́n sì pa áàpù nígbà tó rẹ̀ wọ́n. Òótọ́ wà nínú gbogbo rẹ̀. Nílùú tí iṣẹ́ ti wọ́n bí ojú, ẹni tó dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ kì í ṣe ọ̀tá wọn. Ṣùgbọ́n òmìnira láti pa áàpù kì í ṣe ẹ̀san fún ẹsẹ̀ tó kán. Bí èrè bá sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè gbé ìtọ́jú ẹni tó ń mú un wá, a jẹ́ pé ara ẹni yẹn ni wọ́n ti ń yọ owó oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú.

Ohun tó ṣeé ṣe ní Èkó kò jìnnà, torí ìpínlẹ̀ náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní oṣù Kẹjọ 2020, ìjọba Èkó àti àwọn iléeṣẹ́ takisí orí áàpù jọ fẹnu kò pé 20 náírà ni kí wọ́n máa yọ lórí ìrìnnà kọ̀ọ̀kan fún àtúnṣe ojú ọ̀nà. Kò sí agbèrò tó gbà á, kò sí sítíkà. Kọ̀ǹpútà ló ń kà á. Bí a bá lè ka ìrìnnà kọ̀ọ̀kan fún títì, a lè kà á fún ẹni tó ń gun títì náà. Kí owó kékeré kan máa yọ lórí ọ́dà kọ̀ọ̀kan sí inṣọ́ránsì ìjàǹbá, látìgbà tí fóònù bá ti dún títí oníbàárà á fi gba ẹrù. Kí iléeṣẹ́ àti oníbàárà jọ san án. Kí ìwé àṣẹ iléeṣẹ́ áàpù má ṣe jáde láìsí ìwé inṣọ́ránsì náà. Kí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Èkó sì gba ìwé àṣẹ kan ṣoṣo, tí ọlọ́pàá àti táásíkì fọ́ọ̀sì lè fi fóònù yẹ̀ wò. Bí ìdúró níwájú ilé oúnjẹ bá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fún ẹni tó ń dúró, kí apá kan rẹ̀ sì wá láti ọ̀dọ̀ ilé oúnjẹ tó fà á. Ìdáná á yára nígbà náà.

Ti blọ́ọ̀kù kò tilẹ̀ nílò òfin tuntun. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 sọ ní abala 37 pé ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ kí kọ̀ǹpútà má ṣe dá ẹjọ́ ńlá lórí rẹ̀ láìsí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀. Níbi tí òfin náà tilẹ̀ gba kọ̀ǹpútà láyè nítorí àdéhùn, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ṣì lè béèrè pé kí ènìyàn tún un wò. Dísípáàṣì tí wọ́n tì mọ́ta nítorí ìràwọ̀ lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ síwájú àjọ tó ń mójú tó òfin náà. Lọ́yà tó bá fẹ́ ran ọ̀dọ́ lọ́wọ́, iṣẹ́ wà níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pàápàá wà. Ní oṣù Kìíní 2023, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí AUATON, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ìrìnnà orí áàpù, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Awakọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn tó ń gun ọ̀kadà ẹrù kò tíì ní ohùn tó tó iye wọn. Ní oṣù Kẹfà 2025, ìpàdé àjọ iṣẹ́ àgbáyé ní Geneva dìbò pé kí wọ́n ṣe àdéhùn àgbáyé lórí iṣẹ́ áàpù, wọ́n sì fi ìjíròrò kejì sí 2026. Ìjọba, agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ ní ìjókòó níbẹ̀ fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, Nàìjíríà pẹ̀lú. Ẹni tó ń lọ jókòó fún òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa yẹ kó kọ́kọ́ lo ọ̀sán kan ní Admiralty Way, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà lórí ìdérí gọ́tà pé wákàtí mélòó ni wọ́n ti jókòó láti àárọ̀, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ dání.